Ọtí Ní Gbangba, Igbó Ní Kọ̀rọ̀: Èwo La Fẹ́ Gbà Láyè?

   

Ìbéèrè kan ló gbé kálàmù lé mi lọ́wọ́ lóṣù yìí. Níbi ìpàdé àwọn ọ̀dọ́ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn àsálátù, ààfáà kan ṣe wáàsí lórí igbó mímu. Ó pe àwọn tó ń mu ún ní ẹni ègún. Ó ní kí á má kí wọn, kí á má sì bá wọn jẹun. Nígbà tó parí, arákùnrin kan tó ń kàwé ní LAUTECH dìde, ó sì fi ọ̀wọ̀ sọ pé: “Ààfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a jọ lọ síbi òkú bàbá kan lápá Táákì ni. Mùsùlùmí ni òkú, Mùsùlùmí ni àwọn ọmọ rẹ̀, ẹ̀yin náà lẹ sì ṣe àdúà fìdáù. Bí ẹ ti parí àdúà ni wọ́n gbé páálí bíà jáde. Ẹ jókòó jẹun láàárín wọn, ẹ kò sì wí nǹkan kan. Ìjọba ń gba owó orí lórí ọtí. Ní ìlú òyìnbó, wọ́n ti ń ta igbó ní ṣọ́ọ̀bù báyìí. Kí ló wá dé tó jẹ́ pé amugbó nìkan là ń gbé ṣẹ́ fún?”

Gbogbo ilé dákẹ́. Àwọn kan ní aláfojúdi ni ọmọ náà. Ààfáà ní kí á ṣe àdúà ìparí, a sì túká. Ṣùgbọ́n láti Ògbómọ̀ṣọ́ títí tí mo fi padà dé Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ ọmọ yìí kò kúrò lọ́kàn mi. Èmi kò rí àfojúdi níbẹ̀. Ìbéèrè gidi ni, ẹni tó bá sì béèrè ìbéèrè gidi yẹ kó gba èsì gidi.

ÒFIN Ń YÍ, IGBÓ KÒ YÍ

Àwọn baba wa mọ ẹmu, wọ́n mọ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, ṣùgbọ́n igbó kì í ṣe ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Yorùbá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àwọn ọmọ ogun tó lọ jà ní India àti Burma nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ló mú un wálé, tó sì wá di ohun tí à ń gbìn sáàárín kòkó. Nígbà tó di ọdún 1966, ìjọba ológun ṣe òfin tó le gan-an lórí rẹ̀. Ẹni tó bá gbìn ín lè gba ìdájọ́ ikú tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 21. Ẹni tó bá mu ún, ó kéré tán, yóò lọ ẹ̀wọ̀n ọdún 10. Ní ọdún 1975, wọ́n dẹ òfin náà, wọ́n sì yọ ìdájọ́ ikú kúrò. Ní ọdún 1989, wọ́n dá àjọ NDLEA sílẹ̀ láti gbógun ti oògùn olóró. Òfin tó dá àjọ náà sílẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ̀wọ̀n ọdún 15 sí 25 ló wà fún ẹni tó bá ní irú oògùn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ tàbí tó lò ó.

Ẹ wo òkè òkun. Uruguay ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó sọ títa igbó di ohun tó bófin mu, ní ọdún 2013. Kánádà tẹ̀lé e ní oṣù kẹwàá ọdún 2018. Ní oṣù tó ṣáájú ìyẹn, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ lórí òfin ilẹ̀ South Africa sọ pé àgbàlagbà lè mu ún nínú ilé ara rẹ̀. Thailand yọ ọ́ kúrò nínú àkọsílẹ̀ oògùn olóró ní oṣù kẹfà ọdún 2022, ṣọ́ọ̀bù igbó sì hù káàkiri bí olú. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ìjọba Thailand kan náà padà sẹ́yìn, ó ní ẹni tí dókítà bá kọ ọ́ fún nìkan ló lè rà á.

Ní ilé wa níbí, ní ọdún 2019, gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà náà, olóògbé Rotimi Akeredolu, rin ìrìn àjò lọ sí Thailand pẹ̀lú olórí NDLEA. Nígbà tó dé, ó ní bí a bá gbin igbó fún oògùn, owó ńlá ni yóò wọlé fún ìpínlẹ̀ òun. Buba Marwa tó gba ipò olórí NDLEA ní ọdún 2021 kò fara mọ́ ọn rárá. Àríyànjiyàn náà kò tíì tán.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Èkó nìkan ni. Ìwádìí tí àjọ ìṣirò ilẹ̀ wa àti àjọ UNODC ti Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè gbé jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019 fi hàn pé, láàárín ọdún kan, mílíọ̀nù 10.6 ènìyàn ló mu igbó ní Nàìjíríà. Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tiwa, nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó wà láàárín ọdún 15 sí 64, nǹkan bí 23 ló lo oògùn olóró kan tàbí òmíràn, tàbí tó ṣi oògùn lò. Nínú àwọn wọ̀nyí ni ọmọ àdúgbò wa wà. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ ilé-kéwú wa wà níbẹ̀.

OHUN TÍ WỌ́N Ń SỌ, ÀTI ÈSÌ WA

Ọlọ́hun kọ́ wa nínú Súrà Al-Mā’idah, áyà 8, pé kí ìkórìíra ìjọ kan má sún wa láti má ṣe déédéé. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á gbé ọ̀rọ̀ àwọn tó fẹ́ kí òfin gba igbó láyè kalẹ̀ bí wọ́n ti sọ ọ́.

Èkíní, wọ́n ní ọtí ń pa ènìyàn ju igbó lọ, síbẹ̀ ọtí bófin mu. Òótọ́ ni pé ọtí ń pani. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé mílíọ̀nù 2.6 ènìyàn ni ọtí rán lọ sọ́run ní ọdún 2019 nìkan. Ṣùgbọ́n kí ni ọ̀rọ̀ yìí ń kọ́ wa? Bí ilé kan bá ti ń jó, ta ni yóò sọ pé kí á ti iná bọ ìkejì kí wọ́n lè dọ́gba? Ọtí gan-an ni ẹ̀rí pé ohun kan lè bófin mu, kí ó sì máa gbẹ́ sàréè. Oògùn ikọ́ tó ní codeine bófin mu ní Nàìjíríà títí di oṣù karùn-ún ọdún 2018 tí ìjọba fòfin dè é. Ìpalára tó ṣe fún àwọn ọmọ wa kí ọjọ́ náà tó pé kò kéré ju èyí tó ṣe lẹ́yìn rẹ̀ lọ.

Ìkejì, wọ́n ní oògùn ni. Eléyìí náà ní òótọ́ nínú. Ní ọdún 2018, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn kan tí wọ́n yọ láti ara igbó fún oríṣi wárápá líle méjì tó ń ṣe àwọn ọmọdé. Ṣùgbọ́n oògùn tí wọ́n wọ̀n, tí dókítà kọ, tí ìyá ń fún ọmọ tó ń gìrì, kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú èyí tí à ń fín lẹ́yìn gáréèjì. Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn wa ti sọ ọ̀rọ̀ lórí ohun tí àìsàn bá sọ di dandan. Ìjà wa kò sí pẹ̀lú aláìsàn. Ẹni tí ara rẹ̀ le, tó fẹ́ fi “oògùn” bo ìgbádùn rẹ̀ mọ́lẹ̀, òun là ń bá sọ̀rọ̀.

Ìkẹta, wọ́n ní: “Ara mi ni, kò kan ẹnikẹ́ni.” Ẹ bi ìyá tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ lóru nítorí ọmọ tó bí bóyá ó kàn án. Ẹ bi ẹni tó gun ọ̀kadà láti Ọ̀wọ́dẹ̀ tí ọlọ́kadà sì rí ọ̀nà mẹ́ta níbi tí ọ̀nà kan wà. Lójú àwa Mùsùlùmí, ara wa gan-an kì í ṣe tiwa. Àmánà ni. Ẹni tí a fún ní ẹrù ṣọ́ kò lè ní òun fẹ́ sọ ọ́ sínú iná nítorí pé ọwọ́ òun ló wà.

ÒṢÙWỌ̀N TIWA

Kí wá ni òṣùwọ̀n wa? Bí a bá ní òfin ìjọba ni, a ti rí i pé òfin ń yí. Bí a bá ní àṣà ìlú ni, àṣà ìlú gba ọtí síbi ìgbéyàwó, ó sì lé igbó sẹ́yìn ògiri. Òṣùwọ̀n kan ló wà tí kì í yí, òun náà ni làákàyè.

Sayyidinā ‘Umar (R.A.) dúró lórí mìńbárì Ànọ́bì (S.A.W.), ó sì ṣàlàyé pé ohunkóhun tó bá bo làákàyè ni ọtí. Kò ka ìgò, bẹ́ẹ̀ ni kò ka ewé. Ànọ́bì (S.A.W.) fúnra rẹ̀ ti sọ pé gbogbo ohun tó ń pani bí ọtí, ọtí ni, gbogbo ọtí sì jẹ́ èèwọ̀. Ó tún sọ pé ohun tí púpọ̀ rẹ̀ bá ń pani, díẹ̀ rẹ̀ pàápàá jẹ́ èèwọ̀. Nítorí náà, nígbà tí igbó dé àárín àwọn Lárúbáwá lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn onímọ̀ bí Ibn Taymiyyah kò wá áyà tuntun kí wọ́n tó mọ ìdájọ́ rẹ̀.

Ẹ kíyè sí ohun kan síi. Nínú Súrà Al-Baqarah, áyà 219, Ọlọ́hun kò sọ pé kò sí àǹfààní kankan nínú ọtí. Ó jẹ́wọ́ àǹfààní rẹ̀, Ó sì sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ju àǹfààní rẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹ̀rù bà wá nígbà tí ẹnì kan bá ka àǹfààní igbó sí wa létí. A kò sọ pé kò ní. Ọ̀rọ̀ wa ni pé ohun tí a fi rà á wọ́n ju ohun tí a rí nínú rẹ̀ lọ.

Ní Ọ̀yọ́ wa níbí, iṣẹ́ igbá fínfín jẹ́ iṣẹ́ àwọn baba wa. Ẹni tó ń fín igbá lè lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ lórí igbá kan. Bí igbá náà bá sán, a lè rán an, ṣùgbọ́n ojú rírán kò ní parẹ́. Làákàyè ọ̀dọ́ dà bí igbá tí à ń fín lọ́wọ́. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó mu igbó ló ń ya wèrè, kí á má parọ́. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà ti rí i pé ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní kékeré, tó sì ń mu ún léraléra, fi ara rẹ̀ sínú ewu àìsàn ọpọlọ ju ẹni tí kò mu ún lọ. Ta ló mọ̀ ṣáájú bóyá igbá tirẹ̀ ni yóò sán?

Ọ̀rọ̀ ìgbádùn ńkọ́? Ìsìláàmù kò kórìíra ìgbádùn. Ànọ́bì (S.A.W.) jẹ́ kí Sayyidatinā ‘Ā’ishah (R.A.) wo eré àwọn ará Abisíníà títí tó fi sú u. Ẹ̀rín, orin dáadáa, bọ́ọ̀lù gbígbá, oúnjẹ aládùn, ìyàwó àti ọkọ tó ń bára wọn ṣeré, ìgbádùn ni gbogbo wọn, onílé sì wà nílé nígbà tó ń gbádùn wọn. Èwo wá ni ìgbádùn tó jẹ́ pé onílé gbọ́dọ̀ jáde kó tó wọlé? Bí ọ̀dọ́ kan bá ń wá ibi tí yóò ti gbàgbé ara rẹ̀, ẹ má kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó ń mu. Ẹ bi í léèrè ohun tó fẹ́ gbàgbé.

Ẹ̀BI TIWA

Ní báyìí, mo fẹ́ jẹ́wọ́ ohun kan. Ọ̀rẹ́ kan wà tí a jọ kéwú lọ́wọ́ ààfáà kan náà ní Ọ̀yọ́. Ohùn rẹ̀ dùn ju ti gbogbo wa lọ, ó sì parí Àlùkùránì ṣáájú mi. Lọ́jọ́ wòlímọ̀ rẹ̀, bàbá rẹ̀ pa àgbò, gbogbo àdúgbò sì yọ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, tí àwọn ààfáà ti lọ, àwọn ọ̀rẹ́ bàbá jókòó sábẹ́ ìbòòji, wọ́n ń mu bíà. Àwa ọmọdé là ń kó ìgò. Nínú ìgò tí wọ́n mu kù ni ọ̀rẹ́ mi ti kọ́kọ́ tọ́ ọtí wò, lọ́jọ́ tí a fi Àlùkùránì dé e ládé. Àgbà kan rí i, ó sì rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó dàgbà, ó ń gun ọ̀kadà. Láti orí bíà ó bọ́ sórí paraga, láti orí paraga ó bọ́ sórí igbó. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó wá kírun Màgáríbì ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò. Èéfín igbó ń rùn lára aṣọ rẹ̀. Èmi àti àwọn mélòó kan ló dìde sí i. Èmi ni mo sọ ọ́ lẹ́nu pé: “Jáde níbí, má ba ìrun wa jẹ́.” Kò dá mi lóhùn. Ó mú bàtà rẹ̀, ó sì lọ. Méjì nínú àwọn tó mu bíà lọ́jọ́ wòlímọ̀ rẹ̀ wà ní sáfù àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Kò sẹ́ni tó yíjú wo wọ́n.

Láti ọjọ́ náà, kò wọ mọ́ṣáláṣí yẹn mọ́. Bí a bá pàdé lọ́nà Akẹ̀sán, òkèèrè ló ti máa ń kí mi ní “Ààfáà,” yóò sì yà. Òótọ́ ni pé Ọlọ́hun sọ nínú Súrà An-Nisā’, áyà 43, pé kí ẹni tí ọtí ń pa má súnmọ́ ìrun títí yóò fi mọ ohun tó ń sọ. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ mo bi í bóyá ojú rẹ̀ dá? Ǹjẹ́ mo mú un lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí n bu omi fún un, kí n ní kó dúró de ìrun Ìṣáì? Ẹni tó wá Ọlọ́hun wá sí ẹnu ọ̀nà ni mo lé padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta igbó fún un. Àwọn yẹn kò lé e.

Nígbà ayé Ànọ́bì (S.A.W.), wọ́n mú ọkùnrin kan tó mutí wá léraléra. Wọ́n jẹ ẹ́ níyà bí òfin ti wí. Nígbà tí ẹnì kan ṣẹ́ èpè lé e, Ànọ́bì (S.A.W.) dá a lẹ́kun, ó sì jẹ́rìí pé ọkùnrin náà nífẹ̀ẹ́ Ọlọ́hun àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀. Ní ọjọ́ mìíràn, ó kìlọ̀ pé kí wọ́n má ran Ṣàítánì lọ́wọ́ lórí arákùnrin wọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ wo bí nǹkan méjì ṣe pàdé níbẹ̀. Èèwọ̀ náà kò dẹ̀, ẹni náà kò sì di ẹni ìtanù. Àwa ti yí i padà. À ń dẹ èèwọ̀ fún ọlọ́lá tó gbé páálí ọtí wá síbi ìnáwó, a sì ń sọ ọmọ tálákà tó mu igbó di ẹni ìtanù.

KÍ NI ṢÍṢE?

Èsì mi sí ọmọ LAUTECH nìyí. Òótọ́ lo sọ pé ọtí àti igbó jẹ́ ọ̀kan. Ṣùgbọ́n a kò ní tìtorí pé a gba ọtí láyè kí á gba igbó náà láyè. Ọtí gan-an la ní láti lé jáde kúrò nínú ilé wa, kí ọ̀rọ̀ wa lórí igbó tó lè wọ ẹnikẹ́ni létí.

Ní ti òfin, èmi kò fara mọ́ ọn pé kí ìjọba sọ igbó di ọjà tí à ń polówó. Òfin dà bí ọgbà tí a fi yí oko ká. Ọgbà kò lè mú kí iṣu ta, ṣùgbọ́n bí a bá wó o, ewúrẹ́ yóò wọlé. Síbẹ̀, èmi kò rí ìwòsàn kankan nínú kí á sọ ọmọ ogún ọdún tí wọ́n bá igbó díẹ̀ lápò rẹ̀ sẹ́wọ̀n ọdún 15. Ẹni tó ń tà á fún ọmọdé yàtọ̀ sí ọmọdé tó rà á. Kí òfin dojú kọ ẹni àkọ́kọ́, kí á sì wá dókítà àti alágbàwò fún ìkejì.

Ní tiwa, ìnáwó tí ọtí bá ti wà, kí á ṣe àdúà, kí á dìde. Kí àwọn arábìnrin wa tó ń ṣe ìgbéyàwó sọ ọ́ ṣáájú ọjọ́ pé kò ní sí ọtí, kí wọ́n sì mú ọ̀rọ̀ náà ṣẹ. Kí a kìlọ̀ fún ara wa lórí ohun tí wọ́n ń pè ní skuchies, tí wọ́n ń pò igbó, oògùn ikọ́ àti sobo pọ̀ fún, tí wọ́n ń gbé fún àwọn ọmọbìnrin níbi àríyá bí ẹni pé omi èso ni. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan ẹni méjì tí ọ̀dọ́ lè lọ bá ní ìkọ̀kọ̀, tí kò ní tú àṣírí rẹ̀. Bí àìsàn bá sì ti wọ ọ̀rọ̀ náà, ilé ìwòsàn ni kí á mú un lọ. Kí á má so ó mọ́lẹ̀, kí á má sì nà án ní pàṣán. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ọwọ́ òsì la fi ń fà á mọ́ra.

Ní tèmi, mo ti pinnu pé lágbára Ọlọ́hun, lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, èmi yóò lọ sí ibi tí ọ̀rẹ́ mi ń gbé ọ̀kadà sí. Èmi yóò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó sọ ọ̀rọ̀ kankan nípa igbó. Bóyá yóò tẹ̀lé mi, bóyá kò ní tẹ̀lé mi, ìyẹn wà lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Ẹ̀yin náà, ẹ ronú ẹni tí ẹ ti lé padà lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ sì lọ wá a.

Kí Ọlọ́hun bá wa ṣọ́ làákàyè wa. Kí Ó mú àwọn tó ti ṣìnà padà wálé, kí Ó má jẹ́ kí àwa tó wà nílé ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Kí Ó fi orí jìn wá lórí ohun tí a ṣe àti ohun tí a rí tí a kò sọ. Àmín.